Kọ̀ǹpútà Ní Òun Kò Rí Ọkọ

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni kọ̀ǹpútà ilé wa sọ fún ìyàwó mi pé òun kò rí ọkọ. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ náà jókòó tì í, mo wọ ṣòkòtò ilé, mo gbé ife tíì lé orúnkún. Ìyàwó mi yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí ó wí? Ó ní òun ò rí ọkọ."

"Mo gbọ́."

"Ta wá ni mò ń se àsáró fún láti àárọ̀?"

Mo ní kí ó bi kọ̀ǹpútà, nítorí pé ó jọ pé òun ni ó gbàgbọ́ jù mí lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ìyàwó mi jẹ́. Tíṣà Yorùbá ni. Ó kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bíróò pupa rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Ó ń máàkì ohun gbogbo. Bí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Bódìjà bá fi ìwé ìkéde ránṣẹ́ nípa ọdẹ àti ìdọ̀tí, yóò ti fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe inú rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Bí a bá ń kọjá ní Ṣáléńjì tí ó rí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní àmì ohùn kankan, yóò mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Mo kọ káàdì fún un ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ kan rí. Ó dúpẹ́, ó gbàdúrà fún mi, ó sì dá káàdì náà padà pé kí n lọ fi àmì sí "ọ̀wọ́n." Láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa ni mo ti ń pè é ní Tíṣà. Orúkọ mìíràn kò bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó gbàgbọ́ jù lọ, lẹ́yìn Olúwa, ni pé ọ kì í ṣe o. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé, "Ẹni tí ó bá yọ àmì abẹ́ ọkọ, oko ló ń lọ." Àwọn mìíràn nínú wọn mọ̀ pé oko nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohùn bá yí díẹ̀, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín sínú. Èmi náà kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti gbọ́.

Ní ayé táípúráítà, kò sí ọ tàbí ẹ lára ẹ̀rọ. Ohun tí àwọn tíṣà ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ o, wọ́n á dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, wọ́n á fi ọwọ́ yí bébà sókè díẹ̀, wọ́n á wá tẹ àmì ìdánudúró sí abẹ́ lẹ́tà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó mi ṣe tẹ ìbéèrè ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá: tá, kírí, tó, tá, kírí, tó. Ìka rẹ̀ kọ́ ọ, kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí kò sí bébà tí a ó yí, ìka náà kò bìkítà. Bí ó bá ti tẹ o, àmì ìdánudúró ló kàn. Àmì tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ lẹ́tà wá ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. "Ọkọ" di "O.ko." A ti fi ibi tí ọ tòótọ́ wà hàn án. Ó ní òun mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìka òun ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní nǹkan tuntun.

Ó wá ku díẹ̀ kí a ṣe ìdúpẹ́ àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ wa obìnrin tí ó ń gbé ní òkè òkun wá kí wa, ó sì dá a lábàá pé kí a tẹ ìwé ètò kékeré kan: orin, Bíbélì kíkà, fọ́tò àtijọ́, ojú ìwé kan láti ọwọ́ ìyàwó, ojú ìwé kan láti ọwọ́ ọkọ. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n ya èso tí wọ́n ti gé jẹ sí lẹ́yìn, ni a fi ṣe é. Ìyàwó mi ló ṣí fódà méjì, ìyẹn ibi tí à ń kó ìwé pamọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà. Ó pe ọ̀kan ní "Iyawo," ó pe èkejì ní "O.ko." Mo kọ tèmi, mo fi í sínú èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ mi. Ọmọ wa da gbogbo rẹ̀ sínú fíláàṣì kan tí mo rà ní Dùgbẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó lọ.

Kò pẹ́ tí ó dé ọ̀hún ni ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Mọ́mì! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gba àyè de Dádì ní láíbìrì? Ẹ̀yin!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dádì ló kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo dìde, mo lọ wo òdòdó níta.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Èmi àti ìyàwó mi pàdé ní yunifásítì, nígbà tí Agbowó tí ó wà ní iwájú rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ abúlé, tí èèyàn lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ọgbà kí ó máa gbọ́ ìró ẹyẹ. Lónìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ìwé kọ ló ń ké níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní ayé ìgbà náà, a ń jẹun lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, wọ́n ń bá wa fọ aṣọ, wọ́n ń bá wa lọ̀ ọ́, a sì rò pé bí ayé yóò ṣe máa rí lọ nìyẹn. Ẹ má dá wa lẹ́bi. Ọmọdé ni wá. Láíbìrì ni ibi tí mo fẹ́ràn jù, nítorí ìwé díẹ̀, nítorí ìtura púpọ̀. Ní àjà òkè, fáànù kan wà tí ó ń yí dáadáa ju àwọn ìyókù lọ. Àga méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí ọ̀kan, ọmọbìnrin kan tí ó wọ búláòsì aláwọ̀ ewé máa ń jókòó. Lórí èkejì, àpò rẹ̀.

Ohun tí mo kọ kò ju èyí lọ: pé ní ọ̀sán kan tí ooru mú, mo gun àtẹ̀gùn dé ibẹ̀, ọmọbìnrin náà kò wo ojú mi, kò kí mi, ó kàn na ọwọ́, ó gbé àpò kúrò lórí àga. Mo jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọjọ́ kejì, àti ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Mo wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gba àyè dè mí, èmi kàn wá jókòó ni."

Gbólóhùn yìí ni ìyàwó mi ti ń bá jà láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Tirẹ̀ ni pé ilẹ̀ láíbìrì ní eruku, àpò náà sì jẹ́ tuntun, ìdí nìyẹn tí ó fi wà lórí àga. Ó ní bí òun bá sì gbé e kúrò, kò ju pé mo dúró lé òun lórí bí òpó iná.

Àwàdà inú ilé ni èyí jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ètò ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe inú ilé. Ìyàwó mi ló ń kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ìjọ wa lẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀ sórí ni pé, "Obìnrin tó mọ iyì ara rẹ̀ kì í gba àyè de ọkùnrin." Èmi gan-an ti jókòó sí ẹ̀yìn gbọ́ ọ rí. Mo ń wo àjà. Ó ti gbà kí n sọ ọ́ síta báyìí, nítorí ó ní àwọn ọmọ tí òun ń bẹ̀rù nígbà náà ti di abiyamọ, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ wọn mọ́.

Nígbà tí mo wọlé padà láti ibi òdòdó, ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ pa á rẹ́."

"Èwo?"

"Èyí tí ẹ kọ."

"Ó tán. A ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Mi ò ní kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ẹ pa á rẹ́. Mo ti ní kí ọmọ yín pa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ rẹ́. Mi ò fẹ́ kó wà níbì kankan. Bí a bá kú tán, tí àwọn ọmọ ń tú ẹrù wa, ohun tí wọ́n máa rí nìyẹn?"

Mo gbé kọ̀ǹpútà tiwa jáde. Àgbàlagbà ni òun náà. Bí wọ́n bá tàn án, èèyàn lè lọ wẹ̀ kó tó jí. Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. "Iyawo" wà níbẹ̀, "O.ko." wà níbẹ̀. Mo tọ́ka sí ọkọ, mo ní kí ó pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà ronú títí, ó wá kọ ọ́ sójú pé òun kò rí ohun tí a ń wí, pé kò sí níbi tí a tọ́ka sí mọ́, kí a lọ yẹ ibẹ̀ wò dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni fódà náà wà lójú wa kedere, ó jókòó bí àlejò tí wọ́n ti sìn dé ẹnu ọ̀nà tí kò lọ.

Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti yọ awò ojú rẹ̀, tí ó ń béèrè ẹni tí òun ń se àsáró fún.

A tún un ṣe, ó ní òun kò rí ọkọ. Mo wọ́ ọ lọ sínú garawa ìdọ̀tí tí ó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà, kò wọ̀ ọ́. Mo ní kí n ṣí i, kò ṣí. Mo ní kí n yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ní orúkọ ta? Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀ ní àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́, bí ẹ̀rọ bá kọ̀ fún un, ṣé yóò sunkún ni?

Ìyàwó mi ní kí a pe ọ̀rẹ́ mi tí ó ń gbé ní Olúyọ̀lé. Èmi àti ọkùnrin yìí jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì. Ó ṣe máníjà ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, nítorí náà ó gbàgbọ́ pé òun mọ ẹ̀rọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé rẹ̀ ló ń bá a tẹ gbogbo ìwé. Mo gbé fóònù sórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́ ọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ń yọ wá lẹ́nu ni ó ti já ọ̀rọ̀ gbà.

"Ẹ pa á! Ẹ pa á pátápátá, kí ẹ tún un tàn."

"Ṣé ọkọ ni kí n pa ni?" ìyàwó mi bi í.

"Háà! Ìyàwó wa, kí ló dé? Ẹ fara dà á. Ẹ ti ṣe púpọ̀ níbẹ̀, ó ku díẹ̀."

"Fódà kan ló wà níbí tí kò fẹ́ lọ," mo ké sí i. "Ọkọ ni orúkọ rẹ̀."

"Ọkọ tí kò fẹ́ lọ?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ìyàwó wa, irú wọn kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ máa wò ó."

A pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn. Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ọkọ ṣì wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì rí i.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹni tí ó bá ti fẹ̀yìn tì yóò mọ bí ó ṣe ń rí: èèyàn á lọ sí ọ́fíìsì tí ó ti ṣe ọ̀gá rí, wọ́n á wo ojú rẹ̀ kòrókòró, wọ́n á ní, "Bàbá, ta lẹ fẹ́ rí?" N kò lè gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́. Mo ní bí ó fẹ́, bí ó kọ̀, n óò pa á rẹ́ lónìí. Mo dá a lábàá pé kí a kó ìyókù sínú fíláàṣì mìíràn kí a sì fọ èyí mọ́ tónítóní. Ìyàwó mi ní fọ́tò ìyá òun wà níbẹ̀, kí n má fi ìyá òun dánra wò.

Òun náà ló wá rí i. Ó ti tún awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ń ka ohun tí ó kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe máa ń ka àròkọ ọmọ tí ó bá fura sí. Lójijì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Mo mọ ohun tí ó ń wá. Bíróò pupa ni.

"Má kọ nǹkan sójú kọ̀ǹpútà o, Tíṣà."

"Àṣìṣe wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Kí ni mo pe fódà yìí?"

"Ọkọ."

"Ẹ pe lẹ́tà rẹ̀ fún mi."

"O, àmì. K. O, àmì."

"Ó dáa. Ẹ wá wo ohun tí òun kọ."

Mo wò ó. O, àmì. K. O. Ó parí síbẹ̀. Àmì ìkẹyìn kò sí.

"Ó ti jẹ àmì abẹ́ ọ kejì," ìyàwó mi wí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ti ẹni tí ó mú olè. "'Ọko' ló ń wá kiri. Ta ló ń jẹ́ ọko? Báwo ló ṣe máa rí i?"

Mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Kọ̀ǹpútà ti ọmọ wa gbà kí orúkọ fi àmì ìdánudúró parí. Tiwa kò gbà á. Bí ó bá bá àmì ìdánudúró ní ìparí orúkọ, ó máa ń rò pé ọwọ́ èèyàn ló ṣèèṣì, á sì rọra yọ ọ́ kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí a rán an sí ọkọ, ẹlòmíràn ló ń lọ pè. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ó sì ń padà wá jíṣẹ́ pé kò sílé. Kì í ṣe agídí. Ó kàn ń ṣi orúkọ pè ni.

"Ṣé ẹ rí i?" ìyàwó mi wí. "Àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́."

"Àmì tìrẹ ló kó wa síbí, Tíṣà. Bí o bá ti kọ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́, à bá ti pa á rẹ́, à bá ti jẹun."

"Bí gbogbo ayé bá ń wọ bàtà sí ẹsẹ̀ òdì ńkọ́?"

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ojú dúdú kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti lè fi ọ̀rọ̀ nìkan pàṣẹ fún un, láìsí àwòrán kankan. Bí a bá fẹ́ dárúkọ fódà níbẹ̀, a ó kọ́kọ́ fa igi dídàgẹ̀rẹ̀ méjì, a ó fi àmì ìbéèrè kan tẹ̀ lé e, a ó tún fa igi kan sí i. Ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé: má bá mi tún orúkọ yìí ṣe, bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí o pè é. Mo ka ìtumọ̀ yìí sétí ìyàwó mi. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ọ́fíìsì ìjọba.

Ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kìlọ̀ pé ohun tí a bá pa rẹ́ ní ojú dúdú náà kì í gba inú garawa ìdọ̀tí kọjá. Ó lọ tán nìyẹn. Mo bẹ̀rù pé ìka mi lè ṣìnà, kí fọ́tò ìyá ìyàwó mi bá ọkọ lọ. Nítorí náà, orúkọ ni mo kọ́kọ́ yí padà. Mo fa àwọn igi, mo fi àmì ìbéèrè sí i, mo kọ "O.ko." pẹ̀lú àmì rẹ̀ méjèèjì, mo sì ní kí ó máa jẹ́ "Oko" láti ìsinsìnyí lọ. Kọ̀ǹpútà kò jiyàn.

"Ẹ pè é ní kí ni?"

"Oko. Láìlámì."

"Ọkọ mi ti di oko," ìyàwó mi wí. "Mo ti ń retí rẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú ìwé mi nìyẹn. Mo ní ó tó, kí n pa á rẹ́ kí a lọ jẹun. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ dúró. Mi ò tíì kà á. Ọmọ yín ló kà á fún mi lórí fóònù."

"Ohun tí a fẹ́ pa rẹ́, kí la fẹ́ kà níbẹ̀?"

"A kì í pa iṣẹ́ rẹ́ kí á tó máàkì í."

Ó kà á. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń kà á: pé "àtẹ̀gùn" kò ní àmì ohùn tó, pé gbólóhùn yìí gùn jù, pé òun kò ní búláòsì aláwọ̀ ewé rí, aláwọ̀ omi òkun ni tòun. Nígbà tí ó dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti gbé àpò kúrò lórí àga, ó tún ibẹ̀ kà. Lẹ́yìn náà ó wá ẹ̀yìn ìwé iná mànàmáná kan, ó kọ mọ́kànlá nínú ogún síbẹ̀, ó gbé e fún mi.

"Báwo ni mo ṣe pàdánù mẹ́sàn-án?"

"Márùn-ún fún àmì ohùn. Mẹ́rin fún irọ́."

A wà lórí mẹ́rin yẹn nígbà tí fóònù dún. Ọ̀rẹ́ mi ni, láti Olúyọ̀lé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ ti lọ àbí ó ṣì wà. Mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní kí ó bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé òun náà máa ń wá sí láíbìrì nígbà náà. Mo ka ojú ìwé mi fún un, láti orí títí dé gbólóhùn ìkẹyìn.

"Irọ́ ni, àbí irọ́ kọ́?" ìyàwó mi bi í. "Ẹ sọ fún un."

Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa," ó wí, "ṣé kí n sọ ọ́?"

"Kí ni?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ náà. Oòrùn ti pa mí láti fákọ́tì tí mo ti gba ẹ̀kọ́, mo gun òkè, mo rí àga kan lábẹ́ fáànù. Mo ní kí n jókòó. Ẹ ní, 'Ẹ má bínú, èèyàn wà níbẹ̀.' Mo wò ó, àpò ni mo rí. Mo lọ jókòó sídìí fèrèsé. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ta ni mo rí lábẹ́ fáànù? Ọ̀rẹ́ mi."

"Ìwọ!" mo wí. "O mọ èyí láti ọjọ́ yìí, o ò sọ fún mi?"

"Kí ni kí n sọ? Pé wọ́n fi àpò lé mi lórí àga? Ojú ń tì mí. Ó ṣì ń tì mí báyìí, mo kàn ti dàgbà ni."

Mo wo ìyàwó mi. Obìnrin tí ó ti ń bá mi jiyàn láti ìgbà èwe wa, tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ń fi ọwọ́ nu tábìlì tí kò ní eruku.

"Ẹ pa fóònù yẹn," ó wí.

Mo kí ọ̀rẹ́ mi pé ó dàbọ̀, mo pa á. Òórùn àsáró ti ń bọ̀ láti ìdáná.

"Tíṣà, èèyàn wà níbẹ̀?"

"Èèyàn wà níbẹ̀," ó wí, kò wo ojú mi. "Kò tíì dé ni."

Mo ti múra sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ de ọjọ́ tí n óò borí nínú ìjà yìí, mo tilẹ̀ ti ní àwọn ọ̀rọ̀ tí n óò fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wá sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo kàn rí sọ ni pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé mò ń bọ̀?"

"Ẹ máa ń gun àtẹ̀gùn méjì méjì. Èèyàn ń gbọ́ yín láti ìsàlẹ̀." Ó fa bíróò pupa yọ, ó fagi lé mọ́kànlá, ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ojú tíṣà sì padà sí ojú rẹ̀. "Ó gbọ́dọ̀ lọ wàyí."

"Lẹ́yìn tí a ti mọ̀ pé òótọ́ ni?"

"Ìdí nìyẹn gan-an. Nígbà tó jẹ́ irọ́, bí ẹnikẹ́ni bá kà á, mo lè ní ẹ̀yin ni, ẹ̀ ń ṣe àwàdà. Òótọ́ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ Sátidé? Ẹ kọ òmíràn. Ẹ kọ pé a pàdé ní láíbìrì, Ọlọ́run sì ṣe é. Ó parí."

Mo mọ̀ pé mo lè bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá tẹnu mọ́ ọn, mo rò pé yóò gbà. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ojú ìwé náà ṣe? Àwọn ará ìjọ ni mo kọ ọ́ fún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo fẹ́ kí ó gbọ́ ọ tó bí mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ fúnra mi, láti ẹnu ẹni tí ó ni àpò. Mo ní kí ó pa á rẹ́.

Ó tọ́ka sí Oko, ó ní kí ó pa á rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kọ̀ǹpútà rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àpótí kékeré kan yọ lójú rẹ̀, ó ń béèrè bóyá ó dá wa lójú. Ìyàwó mi gbé ìka rẹ̀ sókè, kò tẹ nǹkan kan. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ̀yin ló ń bi. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú," mo wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ. A jókòó síbẹ̀ títí àsáró fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ fẹ́ dìde.